Ibi Tí Oorun Pọ̀ Sí Jù

Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ̀bi tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, èmi kì í ṣe tíṣà. Ta ló ń ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí àkàbà?

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni mẹ́gáàdì oko gedú Ìyá Onígi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣọ́ ọ. Ọ̀sán ni o, òru ni o, òun nìkan ni. Yàrá kékeré ẹnu géètì ni ilé rẹ̀, kò sì ní òmíràn.

Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn wá gé igi, Ìyá Onígi ra kámẹ́rà kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ara igi nínú igbó. Ó ní síìmù nínú. Ohunkóhun tó bá ti mira níwájú rẹ̀, á ya á, á sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, bátìrì inú rẹ̀ á ti kú pátápátá. Ó kú lẹ́ẹ̀kan, ó kú lẹ́ẹ̀kejì. Máníjà oko náà ní Bàbá Kékeré ni kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìyá Onígi wá sọ ọ́ kó yé gbogbo wa: bó bá kú lẹ́ẹ̀kẹta, kí bàbá kó ẹrù rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Mo ra bátìrì ńlá kan tó máa wà níta kámẹ́rà, mo ra sólà tí á máa fún bátìrì náà ní iná, mo so wáyà wọn pọ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ lé Bàbá Kékeré lọ́wọ́ ní géètì, mo sì sáré lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Orí àkàbà ni mo wà nígbà tó pè pé ibo ni kí òun gbé e sí. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i: “E gbe sola si ibi ti oorun ba po si ju. Oorun ni ounje re.”

Oòrùn tó ń ràn lójú ọ̀run ni mo ní lọ́kàn. Oorun tí à ń sùn ni bàbá kà.

Ó rò ó títí. Ibo ni oorun pọ̀ sí? Ó dájú pé kì í ṣe inú igbó. Ló bá gbé sólà sórí ibùsùn rẹ̀, ó sì fi kámẹ́rà kọ́ ìṣó lókè ibẹ̀, nítorí wáyà náà kò gùn. Ó ní kó yó ná, kí òun tó gbé e padà sára igi. Ó dùbúlẹ̀ tì í, ó sì pa ojú dé lọ́sàn-án gangan.

Iná pupa ló ń ṣẹ́jú lára bátìrì, ebi ṣì ń pa á. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàbá Kékeré gbà pé oorun tòun ni kò lágbára, ló bá jáde lọ wá àwọn tí oorun wọn ṣeé gbára lé. Lọ́jọ́ kejì, ó mú awakọ̀ tírélà tó wá kó gedú. Iná ṣì pupa. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá Máníjà fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti gbórí lé tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àfi kí wọ́n fi omi jí i. Máníjà ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó ní iṣẹ́ ni, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ àárín wọn.

Páànù yàrá náà ní ihò kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ara wọn ti sún sólà débi tí oòrùn ń gbà wọlé, iná bátìrì sì di aláwọ̀ ewé. Gbogbo wọn gbà pé ìhanrun Máníjà ni.

Àmọ́ bí iná ṣe yí àwọ̀ padà ni kámẹ́rà jí, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sì yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn yẹn ló ń ya á. Fọ́tò mọ́kànlélógójì ló wọ fóònù Ìyá Onígi.

Nígbà tí wọ́n pè mí tí mo fi máa débẹ̀, ìyá náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ ti sá. Máníjà ń wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ ibùsùn.

“Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, mà,” ló wí láti abẹ́ ibẹ̀.

Bàbá Kékeré ni Ìyá Onígi kọjú sí. “Bàbá, ẹ kó ẹrù yín.”

Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fà á! Oòrùn ni mo fẹ́ kọ, oòrùn! Ẹ wò ó.” Mo na fóònù sí i. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó fọ́ àwo.

“Mo ti gbọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì tó ń sùn ṣì ni mẹ́gáàdì tó ń sùn.”

Bàbá Kékeré dìde dúró. “Mà, láti ọdún mọ́kànlá, mi ò sùn lẹ́nu iṣẹ́ yín rí. Ọjọ́ mẹ́ta yìí nìkan ni, torí wọ́n ní iṣẹ́ ni.”

“Lọ́sàn-án ẹ̀ ń rìn yí oko ká, lóru ẹ wà ní géètì. Ìgbà wo lẹ wá ń sùn?”

Bàbá họ orí. Ó rò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní ìṣirò.

“Mò ń fara ti géètì díẹ̀ díẹ̀, mà. Mo ṣáà ń retí kẹ́nì kan ní kí n lọ sùn ni.”

Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń fi ojú pípọ́n bàbá yìí ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò bi í léèrè ohun tó fà á rí. Ìyá Onígi náà wo ilẹ̀ fúngbà díẹ̀.

“Máníjà,” ó ní, “ìwọ lo máa ṣọ́ géètì láti òní, títí o fi máa rí mẹ́gáàdì kejì gbà. Oorun tìẹ ti tó.” Ó sì jáde lọ sídìí mọ́tò rẹ̀.

Mo kó sólà àti ẹbí rẹ̀ jáde, mo gbé e sí gbangba, mo so kámẹ́rà mọ́ igi. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹsẹ̀. Mo padà lọ pe Bàbá Kékeré kó wá wò ó, kó lè mọ̀ pé kò sóhun tó ń lé e lọ mọ́.

Ó ti sùn lọ, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ bàtà náà, mo sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.