Gìtá Tí Kò Dún Síta

Símẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pe bíríkìlà náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í yẹ̀. Àfi ẹyọ kan. Nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà, ó ní òun á kọ́ gìtá, kí ìyàwó máa kọrin, kí òun máa ta á tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ò jẹ́. Ilé onílé ló ń kọ́ kiri títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Àìsàn wá dá ìyàwó dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kó lọ sinmi, kí ariwo má sì sí nítòsí rẹ̀. Símẹ́ńtì mọ ohun tí dókítà ń fọgbọ́n sọ. Ó gba ṣọ́ọ̀bù gìtá lọ.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé méjì síwájú rẹ̀.

“Bàbá, inú ti onígi yìí ṣófo. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, gbogbo ilé á gbọ́. Ti oníná yìí, okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ sì lè ki íápíìsì bọ̀ ọ́, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ká má tanra wa, ariwo ló ń pa.”

“Aláìsàn wà nílé mi. Fún mi ní oníná.”

Ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe ń ṣini lọ́nà! Lójoojúmọ́, Símẹ́ńtì á jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, íápíìsì á wà létí rẹ̀, á máa tẹ okùn. Ohun tó ń gbọ́ burú jáì, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ìyàwó òun ò gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn á rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó rò pé àdúrà ló ń gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ife omi já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ tì í. Símẹ́ńtì fa íápíìsì yọ.

“Bàbá àwọn ọmọ, mo ti ń pè yín látìjọ́.”

“Ṣé ó ń dùn ọ́ ni? Kí ni kí n gbé fún ọ?”

“Mo fẹ́ gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń ta ni.”

“Kò tíì dáa. Mi ò fẹ́ dí ìsinmi rẹ lọ́wọ́.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ di ìhà ara rẹ̀ mú. “Ìsinmi wo? Ìsinmi ń bọ̀ tí mi ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ariwo yín báyìí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó gbé gìtá náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kíá. Obìnrin onítọ̀hún bi í bóyá ó bàjẹ́ ni.

“Kò bàjẹ́. Èmi ni mo ṣì í yàn.”

Ó fi í gba onígi, ó gbé e padà sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Okùn rẹ̀ le. Àwọn ìka tí búlọ́ọ̀kù ò rí gbé ṣe, okùn yìí bó wọn. Bó ṣe ń dún gbọnrangandan, aládùúgbò kan pa fèrèsé rẹ̀ dé gbàmù.

“Ibẹ̀ yẹn kọ́,” ni ìyàwó wí. “Ẹ gbé e sókè díẹ̀.” Ó fi ohùn tó ti di tín-ín-rín fa orin tó ń gbìyànjú láti ta fún un. Símẹ́ńtì sún ìka. Wọ́n jọ rí ìlà kan nínú orin náà mú, wọ́n sì tún un ṣe, títí ìyàwó fi dákẹ́, tó dijú.

Símẹ́ńtì dáwọ́ dúró. Ó ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?” ni ìyàwó wí, kò lajú.

Símẹ́ńtì ń sunkún, ó sì ń ta á lọ.