Ààyè fún Afẹ́fẹ́

Mọ́síùrá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, ó jókòó sórí àga rọ́bà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Azizatou ọmọ rẹ̀ ń tú okùn ọkọ̀ kúrò lára igi àgbọn. Ó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Treichville láàárọ̀ pé òun yóò sìn ín dé etí omi Azito, òun yóò sì dúró dè é títí yóò fi padà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí òun wo omi. Ìgbòho ni wọ́n bí i sí. Lójú tirẹ̀, omi tó bá ti kọjá orúnkún, ti ẹja ni.

"Màmá, mo ń lọ o," ni Azizatou wí.

"Kí Ọlọ́run mú ọ bọ̀," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, kò yí ọrùn padà. "Ṣé o mú omi mímu dání?"

Ẹ̀rín pa Azizatou. Ó ní òun mú un. Ó ti ọkọ̀ náà síwájú, ó gun inú rẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tútù, ó fa okùn, ìgbòkun sì gòkè lọ sára òpó, funfun báláú.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, pákó ìjókòó rẹ̀ kan sì máa ń ké bí ewúrẹ́ tí èèyàn bá fara tì í. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lórí omi, imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ rọra gbòòrò, ẹni tó mọ ohun tó dára kò ní kọjá lára rẹ̀ kó má bojú wẹ̀yìn. Kò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Igi, aṣọ àti okùn ni gbogbo agbára rẹ̀.

Bàbá Issiaka ló tà á fún un. Kí bàbá náà tó fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkun wọ inú ọ̀sà, gba ojú omi tóóró tí wọ́n gbẹ́ ní Vridi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní canal. Azizatou wá rán ìbòrí tapólì fún ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá bi í léèrè pé báwo ni aṣọ lásán ṣe ń gbé èèyàn rìn. Bàbá náà kò ṣàlàyé. Ó ní kó wọ inú ọkọ̀ kó jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Sunday tí èèyàn máa wá Azizatou dé ilé kó bá a níbẹ̀. Ó kọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ kéwú, ó ń ṣì í, ó ń tún un kà, títí ojú bàbá náà fi ṣú débi pé kò lè dá rí etí ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó gbà láti ta ọkọ̀ náà fún un, ohun kan ṣoṣo ló fi ṣe àdéhùn. Kí Azizatou nìkan gbé e lọ, kó yí ká ṣóńṣó Erékùṣù Boulay tó kọjú sí Vridi, kó sì fi afẹ́fẹ́ padà wá sí Azito. Tí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló fà á wálé, òun yóò dá owó rẹ̀ padà, òun yóò sì gba ọkọ̀ òun. Bàbá náà kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo ọ̀sà ló ń gba ẹnu canal lọ sínú òkun, àti pé ẹni tó bá ń retí okùn ẹlòmíràn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹlòmíràn nítòsí.

Mọ́síùrá ní tirẹ̀ kò rí ìdí tí ọmọ Ìgbòho yóò fi ra ohun tó lè rì. Ó sọ ọ́ ní òwúrọ̀, ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Azizatou gbé ìgbòkun náà wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀ ní Treichville láti lẹ ibi tó ya, ìyá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì fà ro. Aṣọ náà wú láàárín, ó dẹ̀ ní etí. Ó béèrè pé ta ló rán ìránkúràn báyìí. Ẹ má bá a wí. Láti ìgbà tí Azizatou kò tíì ní eyín ni Mọ́síùrá ti ń rán tapólì fún àwọn ọlọ́jà Adjamé Roxy, òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà sì ni pé kí tapólì le gbagidi. Ibi tí ààyè bá wà ni òjò ń gbè sí, òjò tó bá sì gbè níbẹ̀ ni yóò wó ìsọ̀ lé ọlọ́jà lórí. Nítorí náà ó gba ìgbòkun lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po, ó fi òwú ìlọ́po méjì rán an mọ́lẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì.

Iṣẹ́ náà dára, kí a má purọ́. Azizatou rí i, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò fẹ́ kó lọ ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ ìrìn-àjò fún un. Bàbá Issiaka pàápàá, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, fi ìka tọ ipa abẹ́rẹ́ náà lọ láàárọ̀ yìí, ó mi orí, ó ní ọwọ́ gidi ló rán an.

Báyìí ni Azizatou ṣe jáde sójú ọ̀sà ní òun nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ilé gogoro Plateau wà lápá òsì rẹ̀ lọ́nà jíjìn, èéfín Vridi wà níwájú, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ wá láti apá ọ̀tún, ó ní iyọ̀ nínú. Kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé kó fa okùn, tàbí kó dẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó ń yìn ín bí ìgbà tí èèyàn bá ń yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà kò yá tó bó ṣe máa ń yá. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn. Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló wúwo.

Ó yí ká ṣóńṣó erékùṣù. Nígbà tí ó tọ́ imú ọkọ̀ padà sí Azito, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Kò tètè mọ̀. Imú ọkọ̀ kọjú sílé, omi ń dún lábẹ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó ń lọ dáadáa. Ìgbà tí ó wo igi ńlá kan létí erékùṣù, tí ó rí i pé igi náà ń sún síwájú dípò kó máa sún sẹ́yìn, ni ó tó mọ̀. Ọkọ̀ ń wo Azito, ṣùgbọ́n Vridi ló ń lọ. Ó fa okùn, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fà á. Ìgbòkun dúró gbọn-in bí ògiri, afẹ́fẹ́ ń yọ̀ kọjá lójú rẹ̀, kò mú nǹkan kan fún un.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ń kó èrò lọ sí erékùṣù yà bá a. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń wà á gbé okùn sókè kó rí i.

"Tantie, courant-là est gâté. On te tire?" Ó ní omi yìí ti burú jù, ṣé kí àwọn fà á.

Azizatou wo okùn náà. Okùn tó nípọn ni, tó mọ́, irú èyí tó lè gbé e délé kí oòrùn tó kan orí. Ó wo ẹnu canal, níbi tí omi ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹ̀rù bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bà á.

"Y a fohi, vieux père," ni ó wí, pé kò sí wàhálà. "Mo máa débẹ̀."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyókù. Ó gbé èjìká sókè, ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, kò sì lọ jìnnà.

Azizatou dìde láti wo òpó wò bóyá nǹkan kan ti há níbẹ̀. Bó ṣe dìde, afẹ́fẹ́ wọ inú ìbòrí gígùn tó wà lórí rẹ̀, ó wú u lẹ́yìn rẹ̀ bí àpò ìrẹsì, ó sì fà á lọ́rùn débi pé ó ní láti di òpó mú kó má baà ṣubú. Ó bú ìbòrí náà. Aṣọ kékeré tó wà lórí òun, tí kò tó nǹkan, fẹ́ gbé òun jù sómi. Èyí tó ga ju ilé lọ ń wo òun.

Ó gbójú sókè wo iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó tẹ́, ó le, kò ní àbùkù kankan. Kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè jókòó sí nínú rẹ̀.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́síùrá, ẹnìkan kì í tú iṣẹ́ ọ̀gá lẹ́yìn ọ̀gá. Bó ti wù kí iṣẹ́ náà wọ́ tó, wọn á gbé e wá síwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já òwú àkọ́kọ́, kí ọmọ iṣẹ́ tó lè fi ọwọ́ kàn án. Azizatou ti dàgbà, ó ti ń gba iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì rú òfin yẹn rí. Obìnrin tó jókòó létí omi yẹn, tó kọ ẹ̀yìn sí i, kò ní ohun mìíràn tó lè fún òun fún ìrìn-àjò yìí ju òwú yìí lọ.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ó mí sínú, ó yọ bíléèdì láti inú agolo kékeré tó máa ń wà lápò gbogbo aránṣọ, ó sì sọ ìgbòkun kalẹ̀.

Ìgbà náà ni omi gba ọkọ̀ pátápátá. Kò sí aṣọ lókè mọ́, ọkọ̀ ń yí, ó ń bá omi lọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n náà sì ti na okùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Azizatou tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní Treichville. Ó ní, "Màmá, pardon." Ó já òwú àkọ́kọ́. Ó fi bíléèdì tọ ipa abẹ́rẹ́ náà lọ, jẹ́jẹ́, kó má baà gé aṣọ, ìlọ́po méjì tí ìyá rẹ̀ rán kí ó má baà tú láéláé sì ń tú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tú ìsàlẹ̀, ó tú ẹ̀gbẹ́. Ó kù díẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n ẹnu canal ti ń gbòòrò níwájú rẹ̀. Ó ju bíléèdì sínú agolo, ó sì fa ìgbòkun sókè.

Aṣọ náà gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó sì gbé ikùn. Ohùn omi lábẹ́ ọkọ̀ yí padà. Pákó ìjókòó ké bí ewúrẹ́, ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń lọ gan-an, igi ńlá etí erékùṣù sì ń sún sẹ́yìn bó ṣe yẹ kí igi máa ṣe. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ká okùn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Azizatou ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ní Azito, Mọ́síùrá ti yí àga rẹ̀ padà. Ó dúró létí omi, Bàbá Issiaka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà pariwo sí Azizatou pé kó mú ìwé ọkọ̀ wá kí òun fọwọ́ sí i. Ó ní láti ìgbà tí ó ti lọ, ìyá rẹ̀ ló ń ṣe ojú fún òun. Òun bi í pé níbo ni ọmọ dé, ó kọ́kọ́ ní òun kì í wo omi. Òun tún bi í, ó yíjú, kò sì yíjú kúrò mọ́.

"Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran," ni Mọ́síùrá wí.

Ọkọ̀ fara kan yanrìn kó tó dé etí ilẹ̀. Azizatou sọ ìgbòkun kalẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Màmá, mo tú u. Mi ò lè gbé e wá bá yín kọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ò rí place jókòó sí."

"Mo rí ọ nígbà tí o sọ ọ́ kalẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo mọ ohun tí o ń ṣe." Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó na ọwọ́. "Mú bíléèdì wá."

Azizatou fún un. Mọ́síùrá fa aṣọ náà mọ́ra, ó wá ibi òkè tí ọmọ rẹ̀ kò ráyè tú, ó sì já òwú ara rẹ̀, títí tí kò fi ku ẹyọ kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí aṣọ náà ti dẹ̀ láàárín, ibi tó fi ojú búburú wò ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ibí yìí ló ń jókòó sí?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá. Títí dé ibí."

Mọ́síùrá yọ téèpù lọ́rùn rẹ̀. Ó nà án látorí títí dé ìdí ibi tó wú náà, ó ń mi ètè bó ṣe máa ń ṣe tí ó bá ń wọn oníbàárà tuntun, ó ní kí Azizatou di apá kejì mú kó má wọ́. Bàbá Issiaka béèrè láti orí ilẹ̀ pé kí ni wọ́n ń ṣe.

Ìgbà tí Azizatou bẹ̀rẹ̀ láti di etí aṣọ mú ni ó rí i. Ìró ìyá rẹ̀ ti léfòó yí i ká, omi ọ̀sà sì ti kọjá orúnkún rẹ̀, ó ti dé itan. Ó na aṣọ náà dáadáa fún un.