Ẹkún Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ìyá Nathaniel ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tó fi ń yan ẹja, ó ké igbe kan tí àwọn ewúrẹ́ fi sá wọ igbó. Israel, apẹja ẹgbẹ́ Nathaniel, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìròyìn dé: ọkọ̀ ojú omi tí Nathaniel ń wà lọ sí Ọjà Olúwo ti dojú dé lójú ọ̀sà, wọn ò sì tíì rí òkú ọmọ náà. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí.

Lukman ò mira lẹ́yìn kámẹ́rà. Láti oṣù mẹ́rin tó ti ń ya fíìmù àwọn apẹja Ibeshe, òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé: máa wò, má dá sí i. "Ẹ ṣe bíi pé mi ò sí níbí," ló máa ń sọ fún wọn, títí wọ́n fi gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́. Bó bá délé ní Itamaga, a sì máa fi òfin yìí fọ́nnu.

Nígbà tí igbe rọlẹ̀, ó wo kámẹ́rà. Iná pupa ò tàn. Ìkánjú ti mú un tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì: ó tàn án, ó tún pa á. Ó dùn ún dé eegun. Ẹ má jẹ́ n tàn yín, kì í ṣe ikú Nathaniel ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja Nathaniel ló ń jẹ látọjọ́ tó ti dé.

Ó lọ lóṣòó ti ìyá náà.

"Màmá, ẹ má bínú. Kámẹ́rà ò gbà á sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ké e lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́.

Ìyá náà ní: "Lukman, bí mo bá ké e, ṣé wọ́n á máa rántí ọmọ mi?"

"Wọ́n á máa rántí ẹ̀, Màmá."

Ó dìde, ó nu ojú, ó padà sídìí ààrò, ó sì tún ṣubú. Ọ̀kadà kan kọjá, ariwo rẹ̀ bo igbe. Lukman ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Èyí wá dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé Nathaniel dé èbúté. Àwọn àgbà ní kí ìyá má rí òkú ọ̀fọ̀, àmọ́ ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó lanu. Igbe ò jáde. Ó tún lanu. Ó wá gbójú sókè, ó ń wá Lukman láàárín èrò, ó sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà.

"Lukman, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo èrò yíjú sí i. Lukman fẹ́ dá a lóhùn. Àmọ́ iná pupa ti ń tàn, ohùn rẹ̀ yóò sì wọ inú fíìmù. Ó dákẹ́, ìyá ọmọ sì ń dúró.