Ilẹ̀kùn Yàrá Ọlábímpé

Inísà ni mo sin ìyàwó mi sí, lórí ilẹ̀ tí a jọ rà, nígbà tí ilé kankan kò tíì sí níbẹ̀. Yàrá tí a háyà ní Ìkìrun ni ó kú sí, níbi tí mo ti ṣe akọ̀wé réluwéè títí mo fi fẹ̀yìn tì, a kò sì lè sin ín sínú ilé onílé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n gbé e wá sí Òkúkù, sí ilé bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọláníyan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ àgbà ilé wọn, fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

"Bàbá Keziah, a fi í sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n a kò ní fi ọmọ wa sínú pápá kí òjò máa pa á. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá bá a níta, a ó wá hú u lọ sílé."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé wọn yóò ṣe é.

Ọdún 1962 ni. Mo lọ bá Olúsọjí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ilé ní Òṣogbo, ó sì ya pláànù fún mi. Mo jókòó tì í títí mo fi mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ, nítorí n kò fẹ́ kọ́ ohun tí n kò lè kà. Ìlà méjì tó nípọn ni ògiri. Ibi tí ìlà tín-ín-rín bá gba inú ògiri kọjá, fèrèsé nìyẹn. Ibi tí ògiri bá já, tí ìlà kan sì tẹ̀ bí ọrun níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn ni. Ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ń gbà bí a bá ṣí i ni ọrun náà ń fi hàn.

Mo sọ ibi tí Ọlábímpé, ìyàwó mi, sùn fún un. Ó yà á sínú yàrá tó kọjú sí títì, yàrá tí èmi náà yóò máa sùn. Ìlà tí a gé kéékèèké ni ó fi yà á.

Nígbà tí Àlàbí bíríkìlà ti kan èèkàn tí ó sì ta okùn, mo ránṣẹ́ sí Òkúkù. A kò lè máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ yí òkú wọn ká kí wọ́n má sí níbẹ̀. Ìyá Ọláníyan bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ wá. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé eruku ara mi ti tó.

"Ìwé ọ̀hún dà? Ẹ fi ibi tí àbúrò mi wà hàn mí."

Mo tẹ́ pláànù sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Kí n tó nawọ́, ìka wọn ti dé ẹ̀yìn ilé, sínú yàrá kékeré kan. Nǹkan gígùn kan wà níbẹ̀ bí àpótí, àmì róbótó kékeré sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan.

"Òun nìyí," wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Orí rẹ̀ nìyí." Wọ́n tún wò ó. "Kí ni èyí tó jókòó tì í?"

Àlàbí, tí ẹnikẹ́ni kò bi, ní, "Ṣáláńgá òyìnbó ni, ìyá."

Ìyá Ọláníyan gbójú sókè. "Bàbá Keziah. Ẹ fẹ́ kọ́ ṣáláńgá ti àbúrò mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun kọ́ nìyẹn. Báàfù ni. Inú rẹ̀ ni ènìyàn ń dùbúlẹ̀ sí wẹ̀."

"Ta ní ń dùbúlẹ̀ wẹ̀? Èmi ò tíì rí ẹni tó ń dùbúlẹ̀ wẹ̀ tí kì í ṣe òkú."

Àlàbí rẹ́rìn-ín, ó wá fi ikọ́ bò ó.

"Ọlábímpé ló fẹ́ ẹ," mo wí. "Láti ìgbà tó ti ń pọn omi odò Ọ̀tìn ló ti ń sọ pé bí a bá kọ́lé, òun yóò dùbúlẹ̀ sínú omi bí ìyàwó òyìnbó réluwéè. N kò lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

"Ó máa ń sọ ọ́ lóòótọ́," wọ́n wí. "Aláfẹ́ ni." Lẹ́yìn náà, "Òun fúnra rẹ̀ wá dà?"

Mo fi ìlà kéékèèké náà hàn wọ́n.

"Èyí? Ẹ ya báàfù kó dán, ẹ wá ya àbúrò mi bí ohun tí eku jẹ kù? Ẹni tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ lẹ ń yà báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sílé, Bàbá Keziah. Òkúkù kò jìnnà, ẹ ó máa wá kí i."

N kò tún bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi, mo mú pláànù lọ́wọ́, a sì gba ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà wọ àárín okùn. Bí a ti ń lọ ni mo ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n lórí ìwé, tí mo sì ń fi ibi tó bọ́ sí hàn wọ́n lórí ilẹ̀: pálọ̀ nìyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí, ilẹ̀kùn yàrá nìyí pẹ̀lú ọrun rẹ̀. Títí a fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ibojì Ọlábímpé.

"Ohun tó wà, ṣùgbọ́n tí nǹkan bò mọ́lẹ̀, ni wọ́n ń fi ìlà gígé yà," mo wí. "Ilẹ̀ yàrá ni yóò bò ó. Bí ayàwòrán bá fi ìlà tó pé yà á, Àlàbí yóò rò pé ògiri ni."

"Ǹ bá sì ti gbẹ́ ibẹ̀," Àlàbí wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá Ọláníyan gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n yí i títí tí títì inú rẹ̀ fi kọjú sí títì gidi. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹ ní ọ̀nà ilẹ̀kùn ni ọrun yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó gba orí rẹ̀ kọjá."

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti wo ìwé náà láìmọye ìgbà láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, ṣùgbọ́n ibi tí ó sùn nìkan ni ojú mi máa ń lọ.

"Láàárọ̀, lálẹ́," wọ́n wí, "pákó á máa gbá kọjá lórí rẹ̀."

"Ìyá, abẹ́ ilẹ̀ ló wà," Àlàbí wí. "Ilẹ̀kùn ò lè kàn án."

"Ìwọ, ṣé wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn kọjá lórí ìyá tìẹ?"

"A ó ṣí i síta," mo wí.

"Síta kẹ̀, bàbá?" Àlàbí wí. "Ilẹ̀kùn yàrá kì í ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á máa gbá àwọn tó ń kọjá nímú."

"Kó gbá wọn," Ìyá Ọláníyan dáhùn. "Imú alààyè á san."

Mo fún wọn ní pẹ́ńsù. Wọn kò di pẹ́ńsù mú rí, n kò sì bá wọn di ọwọ́ mú. Wọ́n fa ọrun mìíràn síhà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ́ bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè ka pláànù yóò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni. Mo fa igi lé èyí tó wà nínú yàrá.

Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi, wọ́n sì kọjú sí Àlàbí.

"Máa gbẹ́ ilẹ̀. Rọra o."

Wọ́n dúró tì í títí ọkọ́ fi gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà kọjá láìkàn án. Nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lọ́nà Ìkìrun, wọ́n so ìborùn wọn. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ sìn wọ́n dé ibùdókọ̀.

"Rárá," wọ́n wí. "Ẹ dúró ti aya yín."