Ààyè Torfi Nínú Ìkòkò Omi Gbígbóná

Torfi kọ̀, kò tú báàgì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí Sólrún ọmọbìnrin rẹ̀ sì lọ mú un wá sí Reykjavik, olú ìlú Iceland, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni báàgì náà wà, ó dì í pa bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Apẹja ni bàbá yìí, ọmọ Bíldudalur, olóríkunkun paraku sì ni. Nílùú wọn, tó bá ṣí fèrèsé, òkun ló ń rí. Níbí, ọkọ̀ àwọn aládùúgbò ni. Àárò ilé ń sọ ọ́ débi pé oúnjẹ kì í wù ú jẹ mọ́.

“Bàámi, ẹ lọ sílé ìwẹ̀,” Sólrún sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Gbogbo àgbà àdúgbò ló wà níbẹ̀.”

“Ṣé mo dọ̀tí ni?”

“Ẹ ò dọ̀tí. Ẹ kàn ń fajú ro lójú mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni.”

Ó lọ, kí ó ṣáà lè sinmi ẹjọ́. Ó fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀ tónítóní, ó wọ ṣòkòtò ìwẹ̀, ó sáré kọjá lórí yìnyín, ó sì rọra wọnú èyí tó gbóná jù lọ nínú àwọn adágún kéékèèké omi gbígbóná tó wà níta, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò. Ó rí ibì kan tí omi ti ń tú jáde, tó ń gbá èèyàn lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó dijú, ara tù ú.

Nígbà tó lajú, gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń jiyàn lórí ojú ọjọ́ nínú omi náà tẹ́lẹ̀ ló ń wò ó bí ẹni rí olè.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni Bergljót wí, ìyá arúgbó kan tó dé fìlà òwú sínú omi, “ibi tóo jókòó sí yẹn, ti Snæbjörn ni.”

“Èwo ni Snæbjörn nínú yín?”

“Ó kú lóṣù tó kọjá.”

Ojú ti Torfi, ó fẹ́ dìde. Ketill, baba onírùngbọ̀n tó wa bọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, fà á lọ́wọ́. “Jókòó jàre. Òtútù kò lè mú Snæbjörn mọ́. Àmọ́ òun ló máa ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí fún wa. Ẹni tó bá gba ààyè rẹ̀ ló gba iṣẹ́ rẹ̀.”

Torfi wòkè, ó wú kọ́ bí apẹja. “Òjò ni lónìí. Yìnyín ti parí.”

Yìnyín tó já lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Torfi ní láti padà lọ gbèjà ara rẹ̀. Ó ní ojú ọjọ́ Reykjavik ni kò ní láárí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n sọ ọ́ ní Wòlíì Òjò, ó sì tún sọ òmíràn, kò tún ṣẹ. Bó ṣe di èrò ibẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Tó bá délé, á máa ròyìn ìjà fún Sólrún, á sì jẹun dáadáa. Àmọ́ báàgì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ní, “Ẹja ti ń wọlé sí etíkun wa. Sátidé ni mò ń lọ.”

Omi lé ròrò lójú Sólrún. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ó dáa, Bàámi. Màá gbé yín lọ.”

Ní Sátidé, Sólrún gbé báàgì sẹ́yìn ọkọ̀. Torfi ní kí wọ́n yà nílé ìwẹ̀, kí òun wẹ̀ kẹ́yìn, kí òun sì dágbére fún àwọn aláríwísí yẹn. Ó dé ìkòkò, ó bá bàbá kan tí kò mọ̀ rí lórí ààyè rẹ̀, tó dijú, tí ara ń tù ú. Inú bí Torfi gidigidi.

“Ọ̀gbẹ́ni, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, tèmi ni.”

“Ẹ má bínú,” ni bàbá náà wí. “Ọmọ mi ló mú mi wá láti Húsavík. Mi ò mọ̀.”

Bergljót wo Torfi tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ṣebí ò ń lọ lónìí ni? Kí lo fẹ́ fi ààyè ṣe?”

Torfi ronú kan ilé tó wà ní Bíldudalur, fèrèsé yẹn, òkun yẹn, àti ilé ìdáná tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bá a jiyàn. Ìyàwó rẹ̀ ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, obìnrin náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó dùn ún wọra.

“Ta ló sọ pé mò ń lọ?”

“Ìwọ fúnra rẹ ni.”

“Ẹ wá gbà mí gbọ́? Èmi tí ohun tí mo bá sọ kì í ṣẹ?”

Ẹ̀rín pa Ketill títí omi fi wọ̀ ọ́ nímú. Torfi ní kí bàbá Húsavík sún díẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ fẹ̀yìn síbi tí omi ti ń tú.

Sólrún ń dúró nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ṣé ká máa lọ, Bàámi?”

“Ká máa lọ sílé rẹ. Aṣọ ìnura mi ti tutù, èyí tó wà nínú báàgì ni màá lò lọ́la.” Ó wòkè. “Òjò máa rọ̀ lọ́la.”

Sólrún nu ojú rẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà. “Ó dáa, Bàámi. Màá bá yín wá bàtà yìnyín yín.”