Ìyẹ́ Tí Ìyá Ìjọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Ìyá Ìjọ Olúwatóyìn kọ̀, kò jókòó. Láti ìgbà tó ti wọ ilé Ọmọ́níkẹ́ ní Cypress, nítòsí Houston, ló ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, tó ń fojú sá fún àwọn àwòrán ẹyẹ tó wà lára ògiri. Ó ní ọdún ìjọ ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àkòrí ọdún náà ni "Lábẹ́ Ìyẹ́ Idì", wọ́n sì ń wá àwòrán ìyẹ́ tó mọ́ kedere tí wọ́n máa tẹ̀ sára bánà ńlá.

"Sister Ọmọ́níkẹ́, ìwọ lo ní kámẹ́rà gidi láàárín wa," ló wí, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní oṣù kìíní ni Ọmọ́níkẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Minnesota, lókè réré ní àríwá, níbi tí àṣá àti òwìwí ti ń ṣọdẹ eku nínú àbàtà tó ti dì gbagidi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ará Houston tí kò mọ òtútù fi gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nínú yìnyín. Nígbà tí òwìwí ńlá kan fò kọjá níwájú rẹ̀ láìdún rárá, ó sunkún ayọ̀. Ó yà á, ó sì fi àwòrán náà sórí WhatsApp kí gbogbo ayé bá a yọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá Zoe dúbúlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Ọmọ́níkẹ́ ń kọ́ ní kíláàsì Bíbélì. Ìyá Ìjọ dìde nínú ìpàdé, ó ní ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí tí Ọmọ́níkẹ́ gbé jáde, pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bẹ́ẹ̀ ọmọ ò kú, ọjọ́ kẹta ló padà síléèwé. Ṣùgbọ́n wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ Ọmọ́níkẹ́ tí kò bímọ, tí àwọn ọmọ yẹn sì jẹ́ ayọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Ó dùn ún wọ egungun.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Ìyá Ìjọ. "Ẹ yàn fúnra yín, mà."

Àwòrán àṣá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Ìjọ dúró sórí apá kan ṣoṣo tó tẹ́ rẹrẹ, tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀. Apá òwìwí ni.

"Èyí ni. Ẹ̀mí ti sọ fún mi. Ìyẹ́ idì rèé."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gba obìnrin náà sílẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ gbé e mì. "Bẹ́ẹ̀ lẹ wí, mà."

Lọ́jọ́ ọdún, Ìyá Ìjọ pe gbogbo ìjọ síwájú láti kúnlẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan bánà, ó fi ọwọ́ náà pa orí. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, inú Ọmọ́níkẹ́ ń dùn. Ìdùnnú ìkà ni, ó sì mọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìjọ jókòó tán, Ọmọ́níkẹ́ fi odidi àwòrán òwìwí náà ránṣẹ́ sí i, ti apá ti ojú.

Ìyá Ìjọ wo fóònù, ó wo bánà, ó tún wo fóònù. Ó rọra wá sí ẹ̀yìn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àtẹ̀yin nìkan, mà."

"Delete ẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi. Tẹ́ ẹ ò bá sọ tiyín, màá sọ tèmi."

Ìyá Ìjọ padà síwájú. Ó jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ Ọmọ́níkẹ́, pé kò sí àjẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, pé kíláàsì ti di tirẹ̀ padà láti òní. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ńlá nìyẹn. Ó tún padà wá, ó ń làágùn.

"Ó ti tán, àbí? Jẹ́ kí n ní kí wọ́n tú bánà yẹn lálẹ́ yìí."

"Rárá, mà," ni Ọmọ́níkẹ́ wí bó ṣe ń dìde láti lọ kó àwọn ọmọ jọ. "Ọdún kan gbáko ni bánà ìjọ wa máa ń lò lókè. Ẹ máa kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀."