Ibi Tí Kọ̀ǹpútà Ń Kó Lẹ́tà Sí

"Péjú, níbo gan-an ló ń kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ sí?"

Bàbá Morónkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà, ó ń yọjú wo àwọn ihò tí ooru ń gbà jáde. Ó ti yẹ abẹ́ tábìlì wò, kò rí nǹkan kan. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé Láwàlì ní Òwu, ní Abẹ́òkúta, kò sì tíì rí lẹ́tà tí kò ní àpótí tó ń gbé.

"Kò kó o síbì kankan, sà," ni Péjú dá a lóhùn. "Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà á jáde."

"Á jáde láti ibo?"

Péjú rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nìyí ní ilé ìtẹ̀wé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń lò, àwọn mìíràn sì ń bá a ṣọ̀tá lábẹ́lẹ̀. Bàbá tí ẹ̀rọ náà fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ gan-an ló wá ń yẹ ìdí rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá ibi tí adìyẹ yé sí.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀rọ̀ náà ń dun Bàbá Morónkẹ́. Alhája Bùsírátù, ọmọ olóògbé Alhaji Sàlàhúdíìnì Láwàlì tó dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, ló ra kọ̀ǹpútà ní ọdún 1986 yìí, nítorí pé lẹ́tà òjé ti gbó, ojú wọn ti fọ́, ìwé pẹlẹbẹ kan sì lè gba oṣù méjì kí Bàbá tó tò ó tán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe ni ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Ìtorí. Péjú tẹ ojú ewé kìíní jáde, Alhája gbà á, ó kà á sókè:

"Oko mi lo si oko."

Ó tún un kà sínú, ó sì yára fi etí ìborùn bo ẹnu. "Péjú! Kí lo kọ síbí? Ṣé èyí la fẹ́ fi kọ́ àwọn ìyá àgbà?"

"Ọkọ mi lọ sí oko ni mo ní lọ́kàn, mà. Ẹ̀rọ yìí ni kò ní àmì tí wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Òyìnbó ló ṣe é, kò mọ̀ pé ọkọ yàtọ̀ sí oko."

"Ó tún yàtọ̀ sí ìkẹta tí mi ò ní fẹnu mi pè," ni Alhája wí. Ó ronú díẹ̀, ó wá yíjú sí Bàbá Morónkẹ́. "Kò burú. Ẹ̀yin lẹ ó máa fi bírò fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà náà, ojú ewé sí ojú ewé. Àpótí òjé á kúrò nílẹ̀ ní ìparí oṣù, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bírò bá ti wà, ẹ̀yin náà wà."

Bí ẹni tó ti to ìwé orin àti ìwé ìròyìn, ìwé ìpè ìgbéyàwó Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, ṣe di ẹni bírò nìyẹn. Ó dùn ún débi pé kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé ní Adígbẹ. Síbẹ̀, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ń yún un ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn ún lọ. Bí ẹ̀rọ bá ní lẹ́tà, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń kó wọn sí. Bó bá sì ní ibi tó ń kó wọn sí, kí ló dé tí èèyàn ò lè kó mìíràn síbẹ̀?

Ní ọjọ́ Ajé, Péjú mú ìwé kan wá fún un. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ní Èkó ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n to gbogbo àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé síbẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sójú ewé kìíní pé ẹnikẹ́ni tó bá wù lè tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó sì fún ẹlòmíràn.

"Lọ́fẹ̀ẹ́?" ni Bàbá béèrè.

"Lọ́fẹ̀ẹ́, sà. Èèyàn lè pa àwọ̀ ojú rẹ̀ dà, ó lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó fi ń kí wa tá a bá tàn án, ó lè pààrọ̀ lẹ́tà pàápàá."

"Irú èèyàn wo nìyẹn, tí í fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀? Jọ̀ọ́, pa àwọ̀ rẹ̀ dà kí n rí i. Ilẹ̀ dúdú tó ń lò yìí ò bá mi lára mu. Funfun ni ìwé, dúdú ni tàdáwà."

Péjú tẹ ìlà kan. Ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú, ilẹ̀ rẹ̀ di funfun, lẹ́tà orí rẹ̀ di dúdú. Bàbá Morónkẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní kí ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń kí wọn lókè kúrò, kó fi "Ẹ kú iṣẹ́" síbẹ̀. Péjú ṣe é, "E ku ise" ló sì jáde. Àwọn méjèèjì wò ó, wọ́n wo ara wọn.

"Ó ń kí wa kú ìsè," ni Bàbá wí. "Ta ló ń se oúnjẹ níbí?"

Nígbà náà ni Péjú ṣí ojú ewé kan láàárín ìwé náà. Wọ́n ya àpótí kan síbẹ̀, wọ́n pín in sí ìlà mẹ́jọ, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá mẹ́jọ. Wọ́n kun àwọn yàrá kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lófìfo. Tí èèyàn bá gbé e jìnnà sójú díẹ̀, lẹ́tà A ni.

"Ibi tó ń kó o sí rèé, sà. Kì í ṣe lẹ́tà ló ń kó pamọ́. Bí wọ́n ṣe ń ya lẹ́tà ló ń kó pamọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí mo bá fún un ní nọ́ńbà mẹ́jọ, á ya lẹ́tà tí mo bá fẹ́."

Bàbá Morónkẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Orí rẹ̀ wú. Ó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wá nọ́ńbà náà, ó sì béèrè títí tí oúnjẹ ọ̀sán Péjú fi tutù.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé ìwé onílà kéékèèké wá láti ilé. Ó ti ya ẹ, ọ àti ṣ síbẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ rekete. Péjú kò tilẹ̀ wo àwòrán, nọ́ńbà ló ń kà tó ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, lẹ́tà kan yọ lójú gíláàsì. Ó ní àmì lábẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá òsì ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí, bí ọmọ tí wọ́n bá wí tó wá kọ̀yìn sí ìyá rẹ̀.

"Bàbá, lẹ́tà ẹ yìí ń bá wa bínú o!"

"Kí ló ṣe é? Bó ṣe yẹ kó rí náà ló rí."

Péjú tẹ ṣ. Òun náà yí padà, ó fara jọ nọ́ńbà 2. Ọ nìkan ló dára, nítorí pé ọ kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bàbá Morónkẹ́ wo gbogbo wọn, ó kà wọ́n geere, kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Kí ó lè fi han ọmọ yìí pé òun kò ṣìṣe, ó lọ sídìí àpótí rẹ̀, ó mú lẹ́tà òjé kan wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Àwọn méjèèjì dọ́gba.

"Ti òjé náà kọjú sódì, sà," ni Péjú rọra wí.

Bàbá fẹ́ já a ní koro. Ó wo òjé, ó wo gíláàsì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń wo lẹ́tà lódì, tí ojú rẹ̀ ti gbà pé ibẹ̀ ni iwájú wọn. Ojú tì í gan-an. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ìtìjú náà tó rí àyè jókòó.

"Òjé, a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ni," ó ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀. "Tó bá kọjú sódì lọ́wọ́ wa, á kọjú síni lórí ìwé. Eléyìí kì í tẹ ojú mọ́ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ gan-an là ń wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mú ìwé yẹn wá, jẹ́ kí n yí i padà."

Nígbà tó yí i padà tán, ó rí nǹkan mìíràn tí Péjú kò rí. Àmì náà lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, ó dà bí ìgbà tí tàdáwà bá ta síbẹ̀. Ó ní àmì gbọ́dọ̀ ní àyè tí yóò ti mí. Ó gé ìlà kan kúrò lára ẹ, ó gé ìlà kan lára ṣ, ó fi ìlà òfìfo sáàárín. Péjú tẹ nọ́ńbà tuntun wọlé, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ẹ ku iṣẹ. Àmì ohùn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìsè mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rí àmì abẹ́ rẹ̀ á kà á bẹ́ẹ̀.

Inú Bàbá dùn. Péjú ni inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín lẹ ń gbé fún ẹ̀rọ yìí o. Tó bá ti lè fi àmì sí i fúnra rẹ̀, bírò ńkọ́?"

"Mo ti rí i," ni Bàbá Morónkẹ́ wí. Òótọ́ ni, ó ti rí i láti ọjọ́ Ajé, ó kàn ń gbé ojú kúrò níbẹ̀ ni.

"Mi ò tíì gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan. Tí mo bá pa ẹ̀rọ nísinsìnyí, á gbàgbé gbogbo rẹ̀. Orí ìwé yín nìkan ló máa kù sí. Ẹnu yín ni mo ń wò, sà."

Bàbá ká ìwé náà, ó fi sápò. Péjú pa ẹ̀rọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alhája dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Morónkẹ́, Ìyáàfin Olúmidé tó ń bójú tó ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà náà ń bọ̀ lọ́la kí n tó lọ kírun Jímọ́ọ̀. Mo ti ra bírò tuntun méjì fún yín." Kò sí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù níbẹ̀. Bàbá dúpẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lápò. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé kankan ní Abẹ́òkúta tó ń gba atolẹ́tà síṣẹ́ mọ́. Tó bá fi ìwé náà sílẹ̀ sápò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Péjú kò ní sọ. Ẹ̀rù bà á, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù kò ba òun.

Ohun tó ṣe é kò ju èyí lọ: kò tíì rí odindi ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló rí. Ó fẹ́ rí bí ẹ yóò ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ g, bóyá ọ yóò fún àwọn tó yí i ká ní àyè, bóyá ìlà yóò tẹ́jú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó bọ́ bàtà rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fa ìwé náà yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú Péjú. "Gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì," ó wí.

Ìyáàfin Beatrice Olúmidé dé ní aago mẹ́wàá. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, kì í tètè yin nǹkan. Ó jókòó síwájú gíláàsì funfun náà, ó fi ìka tọ ìlà kìíní. "Ọkọ mi lọ sí oko," ó kà á láìdúró. Ó ka ìlà kejì, ó ka ìkẹta, ó ka ojú ewé náà tán. "Ta ló ṣe èyí? Àwọn tí mo lọ bá ní Ìbàdàn ní kò ṣeé ṣe."

"Péjú, o káre!" ni Alhája wí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Kì í ṣe èmi, mà," ni Péjú dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá ló ya gbogbo rẹ̀."

Ẹnu ya Alhája. Ó yíjú sí Bàbá Morónkẹ́, ó tún wo bírò méjì tó wà lórí tábìlì. Ó yé e níbẹ̀.

"Bírò ò níṣẹ́ mọ́, Alhája," ni Bàbá Morónkẹ́ bá a sọ ọ́. "Mo ti gbaṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara mi."

Alhája tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe báyìí, Bàbá Morónkẹ́?"

"Ó ku àmì ohùn. Ẹ ò rí i pé kò sí lórí rẹ̀? Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́, mi ò mọ bí ìlà mẹ́jọ ṣe máa gbà á. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ mọ ìyókù rẹ̀ pẹ̀lú. Tí Péjú bá lè fara dà á, kó kọ́ mi níṣẹ́."

"Péjú, ṣé o lè kọ́ àgbà?"

"Mo lè kọ́ wọn, mà. Ìbéèrè wọn ló pọ̀ jù."

Ìyáàfin Olúmidé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alhája kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga kan jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Péjú. Ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá.

Bàbá Morónkẹ́ jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àwọn bọ́tìnnì náà.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà a," ni Péjú wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, níbi tí lẹ́tà a máa ń wà nínú àpótí òjé. P ló bá níbẹ̀. Ó wá a láàárín, ó wá a lókè, kó tó rí i ní ìpẹ̀kun apá òsì, lábẹ́ ọmọ ìka tí kò lágbára jù lọ. Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè wo olùkọ́ rẹ̀.

"Ta ló tò ó báyìí?" ó béèrè. "Kí ló sì rí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀?"